Ẹ̀gbọ́n bàbá wa àgbà sùn síbi méjì lálẹ́ ọjọ́ kan náà: èwo ni ká yọ nínú ìkànìyàn 1921?

Ọmọ_Òkèsà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà ni mo gbé wá. Ilé wa ní Òkèsà, nílùú Iléṣà, ló ti kúrò nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó bá Èkó lọ, ibẹ̀ ló sì ti wọ ọkọ̀ òyìnbó. Iṣẹ́ akóná ló ń ṣe, àwọn tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀. Kò padà wá gbé nílé mọ́, àmọ́ ó máa ń fi owó ránṣẹ́, fọ́tò rẹ̀ kan sì wà lọ́wọ́ ìyá mi títí di òní.

Mo rí i nínú ìwé ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1921, èyí tí wọ́n ṣí fún gbogbo èèyàn ní oṣù kìíní 2022. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i. Àkọ́kọ́ wà nínú ilé kan tí wọ́n ń gba ayálégbé sí ní àdúgbò Pitt Street ní Liverpool: Joseph, orúkọ ìdílé wa sì tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún 24, wọ́n bí i ní "Lagos, West Africa", akóná ọkọ̀ ni, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster ló gbà á síṣẹ́. Ìkejì wà nínú ọkọ̀ kan tó gúnlẹ̀ sí Birkenhead: Joseph, orúkọ ìdílé kan náà àfi lẹ́tà kan tí wọ́n ṣì kọ, ọmọ ọdún 30, wọ́n bí i ní "Ilesha", iṣẹ́ kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà. Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ méjèèjì fún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Amẹ́ríkà, tí a jọ ń tọ́jú àtẹ ìran wa lórí ìkànnì FamilySearch, ti yọ ti Birkenhead kúrò. Ó ní ti Liverpool ló bá ìtàn ilé wa mu. Ó dùn mí, torí pé ibẹ̀ nìkan ni orúkọ ìlú wa ti fara hàn nínú gbogbo ìwé tí mo rí nípa bàbá yìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Èwo ni ká fi sílẹ̀?

Obòkun_Mersey

Ẹ kú iṣẹ́ o. Liverpool yìí ni mo ń gbé, mo sì ti wo púpọ̀ nínú àwọn ìwé yẹn fún àwọn ará ilé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe kà wọ́n.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1921 ni ìjọba fi ètò náà sí tẹ́lẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà èédú ló dá a dúró, ni wọ́n bá sún un sí alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹfà. Ibi tí èèyàn bá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ni òfin ní kí wọ́n ti kà á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ bá Joseph jókòó láti bi í léèrè. Wọ́n fún onílé ní fọ́ọ̀mù, onílé ló sì kọ ohun tó mọ̀ nípa gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ọ̀gá ọkọ̀ ló gba tirẹ̀. Ọwọ́ méjì ló kọ ìwé méjèèjì, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé èkejì ń kọ.

Odò Mersey ló la Liverpool àti Birkenhead láàárín. Ẹni tó bá jáde ní Pitt Street lè dé ọ̀hún kí ọbẹ̀ tó jinná. Onílé tó ti gba owó ọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ ayálégbé, tó sì ń rí àpótí rẹ̀ nínú yàrá, á kọ orúkọ rẹ̀ láìro ó lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà ti wọkọ̀.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, má yọ ìkankan.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ìjọba ni mo ti fẹ̀yìn tì níbí ní Iléṣà, ohun tó sì máa ń ká mi lára jù ni kí èèyàn fa ìwé ya nítorí pé kò bá èkejì mu. Ìwé méjì tí ẹnu wọn kò kò, ẹlẹ́rìí méjì ni. Adájọ́ kì í lé ọ̀kan jáde ní kóòtù kó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ohun tó yẹ kó o bi ìwé kọ̀ọ̀kan ni: ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí? Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Kí ni yóò jẹ tó bá sọ ọ́ báyìí, kí ni yóò pàdánù tó bá sọ ọ́ bí mìíràn?

Ohun kan tún wà tí àbúrò rẹ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ti 1931 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jóná ráúráú ní oṣù kejìlá 1942. Wọn ò kà rárá ní 1941 nítorí ogun. Ìwé tí wọ́n kọ ní oṣù kẹsàn-án 1939 kò béèrè ìlú tí wọ́n bí èèyàn sí. Ti 1951 wà ní títì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ó di 2052 kí ẹnikẹ́ni tó lè kà á. Bẹ́ẹ bá yọ ti Birkenhead, ẹ ti yọ ibi tí wọ́n ti kọ Iléṣà mọ́ orúkọ bàbá yín nínú ìkànìyàn, ó sì lè jẹ́ ọmọ ọmọ yín ni yóò tún rí irú rẹ̀.

Wo ìwé méjèèjì dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti 1921 béèrè ọdún, ó sì béèrè oṣù mọ́ ọn. Kí ni wọ́n kọ síbi oṣù?

Ọmọ_Ọbòkun_Houston

Èmi ni mo yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ṣe é. Gbogbo àwọn àgbà ilé wa ló sọ pé ayé Ọwá Ajímókò ni wọ́n bí bàbá yìí. Ajímókò kìíní jọba láti 1896 títí di 1901. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 24 ní 1921, 1896 tàbí 1897 ni wọ́n bí i, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún, ayé Ọwá mìíràn ni wọ́n bí i. Mi ò fẹ́ kí àtẹ ìran wa ní ọjọ́ orí méjì fún ẹnì kan. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń dàgbà níbí ò gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àgbà kankan, ohun tí wọ́n bá kà ni wọ́n máa gbà. Mo fẹ́ kó mọ́, kó dúró ṣinṣin.

Ọmọ_Òkèsà

Bàbá, mo ti wò ó. Ti Liverpool: ọdún 24, oṣù 4. Ti inú ọkọ̀: ọdún 30, oṣù 0.

Ọlọ́jọ́_Ifẹ̀

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti sọ fún wa pé ẹnì kan ni àwọn méjèèjì? Joseph pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà. Àwọn atukọ̀ láti ilẹ̀ wa pọ̀ lọ́dọ̀ Elder Dempster, torí àwọn gan-an ni wọ́n ń ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tàbí ọmọ ìyá méjì lè jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan. Kí ẹ tó máa bi ara yín pé èwo ló tọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ẹnì kan náà ni. Ìdílé tó bá da èèyàn méjì pọ̀ di ẹyọ kan ti pa ẹnì kan rẹ́ kúrò nínú ìtàn, àwọn ọmọ ẹni náà á sì máa wá a kiri.

Nípa oṣù yẹn náà, ẹ má jẹ́ kí "oṣù 4" tàn yín. Ta ló ń kọ oṣù tí wọ́n bí ọmọ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1897? Ọmọ tí wọn ò bí sínú ilé onígbàgbọ́ kò ní ìwé ìrìbọmi láti kékeré. Ó lè jẹ́ pé onílé ní kó mú oṣù kan wá, òun náà sì mú ọ̀kan. Òǹkà tó ṣe wẹ́kú lè jẹ́ àbá lásán. Oṣù 0 tọ̀gá ọkọ̀ kọ fi hàn kedere pé ó kàn fojú díwọ̀n ni. Mo fẹ́ràn ìyẹn jù, torí kò fi pa mọ́.

Ìyá_Ìbejì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ láti Ifẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ìyá mi sọ fún wa pé nígbà ìkànìyàn 1963, wọ́n kà wọ́n ní oko kòkó lọ́ọ̀nà Ifẹ̀wàrà, wọ́n tún kà wọ́n nílé ní Iléṣà, torí ìlú kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀. Ti 1962 tí wọ́n kọ́kọ́ kà ni wọ́n dà nù nítorí àríyànjiyàn. Ti 1963 fún orílẹ̀-èdè ní mílíọ̀nù 55.6, àríyànjiyàn náà ò sì tán. Bàbá mi nílẹ̀ Hausa, òṣómàáló ni, aṣọ ló ń tà láwìn kiri, wọ́n kà á lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tún ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti agbo ilé. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ará ilé ni, ibi yòówù tó bá wà.

Àwọn kan tún wà tí wọn ò kà rárá, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn sá fún akànìyàn nítorí owó orí. Nítorí náà, bí o bá rí bàbá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, dúpẹ́.

Kí ẹ má lọ fi àkókò ṣòfò: fọ́ọ̀mù agboolé kọ̀ọ̀kan ti ìkànìyàn Nàìjíríà kì í ṣe ohun tí èèyàn lè lọ wò bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àròpọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ jáde. Ìwé ìrìbọmi ní Mẹ́tọ́díìsì Ọ̀tápẹ̀tẹ́ àti ní St. John's Ìlórò ni kẹ́ ẹ lọ béèrè. Ẹ wá orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé orúkọ ìyá ló ń ya Joseph kan sọ́tọ̀ sí Joseph kejì.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì

Ìyá wa sọ̀rọ̀. Kí n fi kún un: ilé ìtọ́jú ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ (National Archives) tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ìwé ẹkùn Iléṣà ti ayé òyìnbó. Owó orí, ẹjọ́ ilẹ̀, lẹ́tà ìfẹ̀hónúhàn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó dàgbà nìkan ni ìwé owó orí máa ń dárúkọ, kí ẹni tó bá ń wá ìyá rẹ̀ àgbà má dúró tì í.

Ọlọ́jọ́_Ifẹ̀, ìbéèrè yín ló yẹ kó ṣáájú, ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ajímókò náà: ẹlẹ́rìí ni àwọn àgbà, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ohun tá a bi onílé. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ìyá tó bí i ni àbí àbúrò tí wọn ò tíì bí nígbà náà? Ní ilé tiwa, "ayé Ajímókò" ni wọ́n ń pe gbogbo ìgbà tó wà láàárín òpin ogun Kírìjì àti ìgbà tí Atáyéró gorí oyè. Àlàfo ọdún yẹn fẹ̀.

Obòkun_Mersey

Kí ìlú tí wọ́n bí i sí má bọ́ lọ́wọ́ wa, torí ibẹ̀ ló jọ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù.

Lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ẹni tí wọ́n bí ní ìletò Èkó jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba pátápátá. Ẹni tí wọ́n bí ní Iléṣà, inú ilẹ̀ tí wọ́n ń dáàbò bò ni wọ́n bí i sí, ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti ará Èkó. Ní 1919, ọdún méjì péré ṣáájú ìkànìyàn yìí, àwọn jàǹdùkú kọ lu àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Liverpool àti Cardiff, wọ́n fọ́ ilé wọn, ìjọba sì ń wá bí yóò ṣe dá púpọ̀ padà sílé. Ní 1925, òfin jáde pé kí atukọ̀ aláwọ̀ dúdú tí kò bá lè fi ìwé hàn pé ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni òun lọ forúkọ sílẹ̀ bí àjèjì. Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Àdúgbò tí wọ́n ti kọ lu àwọn èèyàn wa lẹ́ ń gbé, onílé bi yín pé ibo ni wọ́n ti bí yín kó lè kọ ọ́ fún ìjọba. "Èkó" lẹ máa sọ. Kì í ṣe irọ́ ìtìjú, ààbò ni.

Nínú ọkọ̀, àwọn ará ilé ló yí i ká. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà mìíràn dúró tì í nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Akọ̀wé ọkọ̀ òyìnbó kò lè ronú "Ilesha" fúnra rẹ̀, ẹnu ẹnì kan ló ti gbọ́ ọ.

Adé_Sàró

Ọ̀rọ̀ kékeré láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìran rẹ̀ bá Sàró dé. Ìwé orúkọ àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ onísòwò ẹrú, tí wọ́n kó dé Freetown ní Sierra Leone, ju ẹ̀dà kan lọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀, wọ́n sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí London. Orúkọ ẹnì kan lè yàtọ̀ nínú wọn, torí bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n fún èèyàn àti orúkọ ọkọ̀ tó gbé e wá ni mo máa ń tẹ̀ lé, lẹ́yìn náà gíga àti ilà tàbí àpá ara. Èyí tí ara sọ ṣòroó yí padà ju ti ẹnu lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ béèrè: ṣé ẹ ti wá káàdì atukọ̀ rẹ̀? Láàárín 1918 àti 1921, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn atukọ̀ gba káàdì tó ní fọ́tò. CR10 ni wọ́n ń pè é. Ó ń sọ gíga èèyàn àti àmì ara rẹ̀, nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ tó wọ̀ sì máa ń wà lórí rẹ̀.

Ọmọ_Òkèsà

Adé_Sàró, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti rí i.

Joseph kan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú orúkọ ìdílé wa láàárín gbogbo káàdì tó wà fún àwọn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà. Mo fi fọ́tò náà han ìyá mi láìsọ ẹni tó jẹ́. Ó pe oríkì rẹ̀ kí n tó lanu. Ó fi ti ọwọ́ rẹ̀ tì í, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ni, etí òsì tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lórí káàdì, wọ́n kọ "Lagos" síbi ìlú, wọ́n sì kọ 1893 síbi ọdún ìbí. Ẹ̀rí kẹta, ọjọ́ orí kẹta.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó kẹ́yìn lórí káàdì náà ni nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà ní Birkenhead. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni 17 oṣù kẹfà 1921. Ọjọ́ Ẹtì ni, Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìkànìyàn.

Obòkun_Mersey

Ó ti wọkọ̀ nìyẹn! Inú ọkọ̀ ló sùn. Onílé Pitt Street ló kọ ẹni tí kò sí nílé.

Ọlọ́jọ́_Ifẹ̀

Inú mi dùn fún yín gidi gan-an. Fọ́tò àti nọ́ńbà ọkọ̀ so ẹni orí káàdì mọ́ ẹni inú ọkọ̀, ìyẹn ti dúró. Ti Pitt Street ló kù tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ, iṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ bára mu, kò sì sí Joseph mìíràn nínú káàdì. Mo gbà pé òun náà ni, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, ẹ má kọ ọ́ pé ó dájú. Bí ẹ bá lè rí ìwé àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà fún 1921, àdírẹ́sì ibi tó ń gbé ní etíkun máa ń wà níbẹ̀. Yunifásítì Memorial ní Newfoundland, ní Kánádà, ni púpọ̀ nínú ìwé àdéhùn ìgbà yẹn wà.

Ọmọ_Ọbòkun_Houston

Mo ti dá ti Birkenhead padà. FamilySearch ń tọ́jú gbogbo àyípadà, kò ṣòro. Ohun tí Bàbá Akọ̀wé bi wá nípa ẹni tó sọ̀rọ̀ rán mi létí ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1940, níbi tí wọ́n ti fi X tó wà nínú òbìrìkìtì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó dá akànìyàn lóhùn. Ì bá dára ká ní gbogbo ìlú ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ṣì ń dà mí láàmú: 24, 28, 30. Èwo ni mo máa kọ síbi ọdún ìbí? Àyè ẹyọ kan ló wà níbẹ̀.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì

Kọ "láàárín 1891 sí 1897". Àyè náà á gbà á. Lẹ́yìn náà kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìsàlẹ̀, kí o sì kọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Má pín in sí méjì láti mú àárín jáde, torí kò sí ẹlẹ́rìí kankan tó sọ àárín. Bí ìwé Ọ̀tápẹ̀tẹ́ bá jáde lọ́la, ẹni tó bá ń tọ́jú àtẹ náà á mọ ibi tí yóò ti tún un ṣe.

Àwọn ọmọ tí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọ́n á dàrú lójú, ẹ má fojú kéré wọn. Wọ́n á kà á, wọ́n á sì rí i pé bàbá ńlá wọn mọ bí a ṣe ń dáàbò bo ara ẹni nílẹ̀ àjèjì.

Ọmọ_Òkèsà

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ohun tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti jọ kọ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ nìyí, kí ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lè mú lára rẹ̀:

"Ìkànìyàn 19 oṣù kẹfà 1921 kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Inú ọkọ̀ ní Birkenhead ló wà lálẹ́ náà: káàdì atukọ̀ rẹ̀ tó ní fọ́tò fi hàn pé ó wọ ọkọ̀ náà ní ọjọ́ 17. Ìwé ilé Pitt Street, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òun náà ni, onílé ló kọ ọ́. Ọjọ́ orí: 24 lẹ́nu onílé, 30 lẹ́nu ọ̀gá ọkọ̀, káàdì ní 1893. Àwọn àgbà ilé ní ayé Ọwá Ajímókò kìíní. Ìlú ìbí: Iléṣà nínú ìwé ọkọ̀ àti lẹ́nu gbogbo ẹbí, Èkó nínú ìwé Pitt Street àti lórí káàdì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí ẹ̀tọ́ ọmọ abẹ́ ọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ìkankan. A ṣì ń wá ìwé ìrìbọmi rẹ̀ àti ìwé àdéhùn ọkọ̀ náà."